Orí Kẹje: Owó Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́: Ta Ló Ń San Án, Ta Ló Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

1. Ṣàlàyé bí owó ẹgbẹ́ ṣe ń kúrò nínú owó oṣù ní Nàìjíríà, àti ohun tí òfin sọ nípa ẹni tí kò bá fẹ́ san án.
2. Fi ìṣirò hàn ìdí tí ẹgbẹ́ fi máa ń fẹ́ kí gbogbo èèyàn san.
3. Sọ ohun tí òfin ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ jẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti ipa rẹ̀ lórí owó iṣẹ́ àti ilé iṣẹ́.
4. Fi ìyàtọ̀ sáàárín owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù àti èyí tí wọ́n ń gbà ní gáréèjì, kí o sì tọ́ka sí ẹni tó ń ru ẹrù rẹ̀ gan-an.

7.1 Ìlà kan nínú ìwé owó oṣù

Gbé ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré kan ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, yẹ̀ wò. Lápá kan ni wọ́n kọ owó tó tọ́ sí i sí. Lápá kejì ni àwọn owó tí wọ́n ti yọ kí ìyókù tó dé báǹkì. Owó orí wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, bí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ṣe là á sílẹ̀. Owó àpò ilé gbígbé ti orílẹ̀-èdè náà wà níbẹ̀, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ wọn ni ìlà kan tó gbé orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání, bíi MHWUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra lójú: ẹnì kan ló ṣe ìṣirò wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì kúrò. Lójú òfin, ọ̀kan yàtọ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tó lè kọ̀wé pé òun kò san owó orí mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè kọ̀wé pé òun kò san owó ẹgbẹ́ mọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì dá yíyọ rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá mọ òfin yóò gbà pé dandan ni gbogbo rẹ̀.

Bí a bá kúrò ní ilé ìwòsàn tí a dé gáréèjì, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Awakọ̀ tó ń ná Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n tàbí sí Ìkàrẹ́ kò ní ìwé owó oṣù. Owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà: ó ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó san owó lódìn kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò sí lẹ́tà tó lè kọ sí ẹnikẹ́ni tí wọn yóò fi jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé owó ẹgbẹ́ lè jẹ́ ìdáwó tó ń gbé owó iṣẹ́ ga, ó sì lè jẹ́ owó ibodè tó ń gbé owó ọjà ga. Orúkọ ẹgbẹ́ kọ́ la fi ń mọ èyí tó jẹ́. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni bóyá ẹni tó ń san án lè jáde, àti bóyá ó lè béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

7.2 Bí yíyọ owó ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde ní 1938, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà, akápò ẹgbẹ́ ló ń lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan gba owó. Ẹni tó bá wù ú ló ń san, ẹni tí kò bá ní lọ́wọ́ á ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Olókìkí jù lọ nínú àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ ìgbà náà kò jìnnà sí ẹkùn wa. Ọmọ Ọ̀rà ni Michael Imoudu, tí wọ́n bí ní 1902. Ọ̀rà múlé gbe ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ondo. Ẹni tó bá gba Ìfọ́n kọjá ààlà ìpínlẹ̀ Edo kò ní pẹ́ débẹ̀. Imoudu ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní 1943, ìjọba lé e kúrò ní Èkó, wọ́n sì sé e mọ́ Auchi. Ọdún 1945 ni wọ́n tú u sílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Okúdù. Ó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ogun àgbáyé kejì ti gbé owó oúnjẹ sókè, owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà dá a lábàá pé kí àfikún owó ìgbọ́bùkátà òṣìṣẹ́ fi ìdajì lé sí i.

Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa níbí ni pé àfikún náà kò mọ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó san owó ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbà á, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí náà gbà á. A ó padà sí èyí ní 7.4.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú wọn kéré, kò sì lówó lọ́wọ́. Ní 1978, ìjọba ológun da gbogbo wọn pọ̀ di 42, wọ́n kó wọn sábẹ́ Nigeria Labour Congress, Hassan Sunmonu sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú àtúntò yìí ni àwọn ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí ti jáde, NURTW ti àwọn awakọ̀ pẹ̀lú. Àtúntò kan náà ló fìdí yíyọ owó ẹgbẹ́ láti orísun múlẹ̀: agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yọ owó náà, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ rí owó tó dájú. Ṣùgbọ́n owó tó gba ọwọ́ ìjọba kọjá, ìjọba lè fi ọwọ́ dè é. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo ní 1994, ìjọba Sani Abacha tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NLC ká, wọ́n sì fi alábòójútó tiwọn síbẹ̀. Ní 1996, wọ́n ṣe òfin tó so yíyọ owó ẹgbẹ́ mọ́ àdéhùn pé kò ní sí ìyanṣẹ́lódì. Agbára tó ń bá ẹgbẹ́ gba owó ló tún fi owó náà dí i lẹ́nu.

7.3 Ohun tí òfin sọ lónìí

Òfin mẹ́ta ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀.

*Èkíní ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999.* Abala 40 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá wù ú láti dáàbò bo ire rẹ̀.

*Èkejì ni òfin iṣẹ́.* Abala 9 rẹ̀ sọ pé àdéhùn iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi wíwọ ẹgbẹ́, tàbí àìwọ ẹgbẹ́, ṣe ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí iṣẹ́. Abala 5 ló sọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ẹgbẹ́ lára owó gbogbo òṣìṣẹ́ tó tọ́ sí láti wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àyàfi ẹni tó bá kọ̀wé pé òun yọ ara òun kúrò. Fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, òdìkejì ni: wọn kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó wọn àfi bí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn gbà.

*Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 2005.* Ó sọ ọ́ kedere pé wíwọ ẹgbẹ́ kì í ṣe tipátipá, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé kò wọ ẹgbẹ́ tàbí pé ó jáde. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́.

Wo bí abala 5 ṣe pín àwọn òṣìṣẹ́ Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe olùkọ́, bí kò bá sọ nǹkan kan, a gbà pé ó fara mọ́ ọn, owó á sì máa lọ. Òṣìṣẹ́ àgbà, bí kò bá sọ nǹkan kan, a gbà pé kò fara mọ́ ọn, kò sì yẹ kí owó lọ. Ìdákẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìdákẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Àwọn méjèèjì ló lómìnira lórí ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kíkọ ní iye tó ń náni: àkókò, ẹ̀rù ọ̀gá, ojú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò fi máa woni. Nítorí náà, ibi tí òfin bá gbé èèyàn kà kó tó yanu sọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ lówó á jẹ́ kí ìdákẹ́ túmọ̀ sí sísan. Èyí tó bá fẹ́ kí àpò ẹgbẹ́ gbẹ á jẹ́ kí ìdákẹ́ túmọ̀ sí àìsan. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní láti fòfin de nǹkan kan.

7.4 Ìṣòro ajẹlọ́fẹ̀ẹ́

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi ní jẹ́ kí ẹni tó bá wù nìkan san? Ẹni tó bá ti bá wọn dáwó tíráńsífọ́mà ní àdúgbò ti mọ ìdáhùn. Ilé ogún dáwó, ilé mẹ́wàá kò dá. Nígbà tí iná dé, ọgbọ̀n ilé ló tàn. Ẹni tí kò dáwó tí ó sì ń jẹ èrè ni a ó pè ní ajẹlọ́fẹ̀ẹ́. Mancur Olson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló fi ìwé tó kọ ní 1965 gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn onímọ̀: bí ẹgbẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ìwọ̀n ìpalára tí àìsan ẹnì kan ń ṣe ṣe máa ń kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò láti má san ṣe máa ń pọ̀ tó.

> Àpẹẹrẹ 7.1
> Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦30,000 láti 2019 títí di 2024. Ní ọjọ́ 3 oṣù Okúdù 2024, NLC àti TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì káàkiri orílẹ̀-èdè; wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ kejì kí ìjíròrò lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di ₦70,000.
> Ká gbà fún ìṣirò pé owó ẹgbẹ́ jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún.
> Owó ẹgbẹ́ lóṣù: ₦70,000 × 2 ÷ 100 = ₦1,400. Lọ́dún: ₦16,800.
> Àfikún owó oṣù: ₦70,000 − ₦30,000 = ₦40,000. Lọ́dún: ₦480,000.
> Òṣìṣẹ́ tó san: ₦480,000 − ₦16,800 = ₦463,200.
> Òṣìṣẹ́ tí kò san: ₦480,000.

Ẹni tí kò san ló jèrè jù. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ẹni tó gbọ́n kò ní san. Ṣùgbọ́n ká sọ pé òṣìṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ló wà lábẹ́ ẹgbẹ́ kan, tí 400 nínú wọn sì gbọ́n bẹ́ẹ̀. Owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ yóò já láti ₦1,400,000 lóṣù sí ₦840,000. Agbẹjọ́rò á dín kù, ìrìn àjò sí Abuja á dín kù, ìdúnàádúrà tó ń bọ̀ á sì rọ̀. Ọgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá di òmùgọ̀ gbogbo wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka kan kò sì gbé ẹrù dórí. Èyí ni ìdí tó lágbára jù lọ tí àwọn tó fara mọ́ sísan dandan máa ń mú wá.

Àwọn tó lòdì sí i náà ní ìdáhùn. Wọ́n ní ìṣirò yẹn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ ló mú àfikún náà wá. Bí owó oúnjẹ bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìjọba lè fi kún owó oṣù bí kò tilẹ̀ sí ẹgbẹ́. Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ dájú kò ní ìdí láti wu ọmọ ẹgbẹ́: kó ṣiṣẹ́, kó má ṣiṣẹ́, oṣù á parí, owó á wọlé. Ẹ̀rù pé ọmọ ẹgbẹ́ lè jáde ni yóò mú kí akọ̀wé gbé fóònù nígbà tí olùkọ́ kan ní Ìdóàní bá pè é nípa owó ìgbéga tí wọn kò san.

Ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ lọ́wọ́. Ajẹlọ́fẹ̀ẹ́ ń pa ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́; owó tó dájú ń sun ẹgbẹ́ tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Òfin tó dára ni èyí tó bá fún àléébù méjèèjì ní ìjánu.

7.5 Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà: òfin ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ kan bá dìbò yan ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ló ń dúnàádúrà fún gbogbo wọn. Òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ ṣojúsàájú sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ máa ń fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó.

Florida àti Arkansas ló kọ́kọ́ fòfin de irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ní 1944. Ní 1947, òfin Taft-Hartley fún gbogbo ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní òfin ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́; ohun tí wọ́n ṣe ni pé a kò lè lé òṣìṣẹ́ nítorí pé kò san owó ẹgbẹ́. Ìpínlẹ̀ 26 ló ní irú òfin náà lónìí. Michigan gbà á ní 2012, ó sì fagi lé e ní 2023. Ní Missouri, àwọn aráàlú fi ìbò da tiwọn nù ní 2018. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ Janus: òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, ní ìpínlẹ̀ yòówù, kò sí lábẹ́ dandan láti san owó fún ẹgbẹ́ tí kò wọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Houston wà ní Texas, tó ti ní òfin yìí láti 1947. Kò sẹ́ni tó lè fi owó ẹgbẹ́ dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Chicago wà ní Illinois, níbi tí àwọn olùdìbò ti gbà ní 2022 pé ìpínlẹ̀ kò ní ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lè sọ sísan di dandan.

Kí ni ipa rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé? Thomas Holmes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wo ààlà àwọn ìpínlẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Ó rí i pé bí èèyàn bá ti kọjá sí ìhà tí òfin ti rọ agbanisíṣẹ́ lọ́rùn, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Ó fi kún un pé òfin ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ nìkan kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀: owó orí àti ìlànà mìíràn náà yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ àwọn ìpínlẹ̀ tó gba òfin náà láti 2011 síhìn-ín wò rí i pé iye ọmọ ẹgbẹ́ dín kù, owó iṣẹ́ sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Èsì méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀: iṣẹ́ lè pọ̀ sí i níbi tí owó iṣẹ́ ti rẹlẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní rí òfin kan náà bákan náà.

7.6 Ṣé ìpínlẹ̀ Ondo lè ṣe irú òfin yìí?

Rárá. Nínú ìwé òfin 1999, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára àwọn ohun tí ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Olùkọ́ ní Ìfọ́n àti olùkọ́ ní Ṣàbóńgídà-Ọ̀rà, tí ààlà ìpínlẹ̀ là láàárín, òfin ẹgbẹ́ kan náà ló ń darí wọn. Irú ìwádìí tí Holmes ṣe lórí ààlà kò ṣeé ṣe láàárín Ọ̀sẹ́ àti Edo.

Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kó san ju iye tí òfin àpapọ̀ là sílẹ̀. Edo kéde ₦70,000 ní 2024 kí òfin àpapọ̀ tó dé. Ondo kéde ₦73,000 nígbà tó yá lọ́dún náà. Ní 2021, nígbà tí àbá kan dé ilé aṣòfin pé kí owó oṣù tó kéré jù lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, NLC jáde ìwọ́de ní oṣù Ẹrẹ́nà láti takò ó. Ìdí wọn yé onímọ̀ ọrọ̀ ajé: ìdúnàádúrà kan ṣoṣo ní Abuja kò náni tó ìdúnàádúrà 36, ẹgbẹ́ sì lágbára níbi tí ìjà bá ti jẹ́ ọ̀kan.

7.7 Gáréèjì: owó ẹgbẹ́ tó di owó ọkọ̀

Lójú òfin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni NURTW, bí NUT ti àwọn olùkọ́ ti jẹ́. Ní gáréèjì, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún wọn. Àwọn kan ló ni ọkọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìyókù ni tiwọn. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ bá dúnàádúrà fún àfikún owó. Kí wá ni awakọ̀ ń rà?

Ó ń ra nǹkan. Ẹgbẹ́ ló ń to ọkọ̀ ní tọ́ọ̀nù kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ lórí èrò. Ẹgbẹ́ ló ń bá a dá sí ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá délé ọlọ́pàá, tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò nígbà ìjàǹbá. Ohun pàtàkì jù tó ń rà ni àyè: ẹ̀tọ́ láti kó èrò níbi tí èrò wà. Ohun tó sọ owó náà di ti ibodè nìyẹn. Nínú owó oṣù, ẹni tí kò san ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní gáréèjì, ẹni tí kò san kò kó èrò.

> Àpẹẹrẹ 7.2
> Ká gbà fún ìṣirò pé ọkọ̀ kan gba èrò 14, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦3,500, ẹgbẹ́ sì ń gba owó èrò kan gẹ́gẹ́ bí owó lódìn.
> Gbogbo owó tó wọlé: 14 × ₦3,500 = ₦49,000.
> Owó lódìn: ₦3,500. Ìpín rẹ̀ lórí èrò kọ̀ọ̀kan: ₦3,500 ÷ 14 = ₦250.
> Ta ni yóò ru ₦250 náà?

Awakọ̀ ló fi ọwọ́ san án. Kì í ṣe òun ló sábà máa ń rù ú tán. Ẹni tí kò bá rí ibòmíràn yà sí ni ẹrù máa ń wọ̀ lọ́rùn.

Lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́, ọkọ̀ pọ̀. Ẹni tí owó gáréèjì bá wọ́n lójú rẹ̀ lè dúró lẹ́bàá títì kí ó bá onímọ́tò tó ń kọjá lọ. Bí awakọ̀ bá fi gbogbo ₦250 lé owó ọkọ̀, èrò á sá fún un. Nítorí náà, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ á dúró sọ́wọ́ awakọ̀: èrè rẹ̀ á dín kù, á sáré sí i, tàbí kó kó èrò kún sí i.

Lójú ọ̀nà Òkèlúsè tàbí Ìdóàní lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ kò pọ̀. Àgbẹ̀ tó gbé iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ dúró kò ní ibòmíràn yà sí. Iye tí iṣu ń jẹ́ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìbìní, àìmọye ọlọ́jà ló ń pinnu rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní Ọ̀sẹ́ kò lè fi ₦250 lé e. Alájàpá tó wá rajà lóko ti yọ owó ọkọ̀ nínú iye tí yóò san kó tó dárúkọ iye kankan. Bí owó ọkọ̀ bá ga, iye tó máa bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ ló ń rẹlẹ̀. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà ní gáréèjì wá di owó tí wọ́n yọ lára àgbẹ̀ tí kò wọ ẹgbẹ́ awakọ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Ìjọba Ọ̀yọ́ fòfin de NURTW ní 2019, wọ́n sì fi alábòójútó gáréèjì rọ́pò rẹ̀; ní 2023, ìjọba kan náà tú ètò yẹn ká. Ní Èkó, ìjọba kó oríṣiríṣi owó tí awakọ̀ akérò ń san pọ̀ di ₦800 lójúmọ́ ní oṣù Èrèlé 2022. Láàárín oṣù díẹ̀ sí i, wọ́n dá iṣẹ́ NURTW dúró, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ gáréèjì kalẹ̀, wọ́n sì fi ẹni tó jẹ́ alága NURTW Èkó tẹ́lẹ̀ ṣe olórí rẹ̀. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n owó ojoojúmọ́ kò kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àyè ni wọ́n ń tà, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Bí òfin kò bá kan àyè náà, ẹlòmíràn ni yóò máa tà á.

7.8 Ìdánwò mẹ́ta fún owó ẹgbẹ́ èyíkéyìí

*Ṣé a lè jáde?* Òṣìṣẹ́ olówó oṣù lè jáde pẹ̀lú lẹ́tà kan. Awakọ̀ kò lè jáde láìfi iṣẹ́ sílẹ̀.

*Ṣé a lè lọ síbòmíràn?* Níbí ni òfin Nàìjíríà ti fún ẹgbẹ́ ní agbára tó pọ̀. Abala 3 òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ kan ti wà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó jáde sábà máa ń dá dúró ni. Ìyàtọ̀ tó gbajúmọ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2022, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ forúkọ CONUA sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní oṣù tí ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ ti ASUU, ẹgbẹ́ wọn tó ti wà tẹ́lẹ̀, parí. Ilé-Ifẹ̀ ni CONUA ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rí i bí òmìnira, àwọn kan rí i bí ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ fi fọ́ ẹgbẹ́. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé yóò sọ pé ó lè jẹ́ méjèèjì: ìdíje ń jí ẹgbẹ́ tó ń sùn, ó sì ń sọ ìdúnàádúrà di yẹpẹrẹ.

*Ṣé a lè rí ìwé owó?* Òfin ní kí ẹgbẹ́ fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ní kí ìwé ìlànà ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá ní ìpín nínú owó náà láyè láti yẹ ìwé wò. Ẹ̀ka NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní Ìfọ́n tó bá ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní láti bẹ̀rù lẹ́tà ìjáde. Tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe.

Owó ẹgbẹ́ tó bá kùnà nínú ìdánwò kan ṣoṣo ṣì lè wúlò. Èyí tó bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di owó orí tí kò sí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀.

Àkótán

- Nàìjíríà kò ní òfin tó ń fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ohun tó ní ni òfin tó ń yọ owó òṣìṣẹ́ kékeré títí yóò fi kọ̀wé, tí kì í sì í yọ ti òṣìṣẹ́ àgbà títí yóò fi kọ̀wé.
- Ajẹlọ́fẹ̀ẹ́ ni ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń fẹ́ sísan dandan. Àìbìkítà ni ewu tó wà nínú rẹ̀.
- Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ dín iye ọmọ ẹgbẹ́ kù. Ipa rẹ̀ lórí iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ kò dọ́gba fún gbogbo èèyàn.
- Ìpínlẹ̀ Ondo kò lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀; ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan ló lè ṣe é.
- Ní gáréèjì, ẹni tí kò rí ibòmíràn yà sí ló ń ru owó ẹgbẹ́, yálà ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí kò jẹ́.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó orí àti owó ẹgbẹ́ nínú ìwé owó oṣù, bí a bá fi ojú òfin wò ó?
2. Tún Àpẹẹrẹ 7.1 ṣe fún òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦73,000, kí owó ẹgbẹ́ jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ìdánwò láti jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ dín kù? Ṣàlàyé.
3. Ká ní ìjọba àpapọ̀ yí abala 5 padà, tí ìdákẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré náà wá di bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tó ń wọlé fún NASU láàárín ọdún kan? Kí ni ẹgbẹ́ náà lè ṣe sí i?
4. Ní ojú ọ̀nà méjì tí o mọ̀ dáadáa ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ́, ta ló ń ru owó lódìn: awakọ̀, èrò, tàbí àgbẹ̀? Fi iye ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
5. Àríyànjiyàn: "Ẹni tó jẹ nínú àfikún owó oṣù yẹ kó san nínú owó ẹgbẹ́, bó fẹ́ bó kọ̀." Kọ ìpínrọ̀ méjì láti gbè é lẹ́yìn, kí o sì kọ méjì láti takò ó.
6. Yan ẹgbẹ́ kan tí ẹnì kan nínú ilé yín wà. Fi ìdánwò mẹ́ta inú 7.8 wò ó, kí o sì sọ èyí tí ìwọ yóò kọ́kọ́ tún ṣe bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe akọ̀wé rẹ̀.